Ọ̀nà Tí Máàpù Ọ̀sà Gbà Dé Ọwọ́ Olùkọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó gba ẹ̀bá Báyẹkù àti Ìjẹ̀dẹ́ kọjá, tí ó rí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbìn ní ọwọ́ òsì rẹ̀, tí kò sì yà títí ó fi dé Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, yóò ti rin ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ ìran àwọn bàbá wa rìn ṣáájú rẹ̀, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìkòròdú Ọ̀gà, ọmọ Rẹ́mọ tí ó ti Ṣágámù sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí etí omi, ìlú ọba Ayangbúrẹ̀n, ìlú olókòwò. Ẹ̀pẹ́, ilé ẹja, ìlú tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọba tí ìbọn àjèjì lé kúrò láàfin: ọ̀sà kan náà ni ó tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi, ohun tí ó sì ń dùn mí pẹ̀lú, pé nínú gbogbo ohun tí a ti fi kọ́ ọmọ ìlú méjèèjì nínú ilé-ìwé láti ohun tí ó ju 120 ọdún lọ, ọ̀sà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ni ó pẹ́ jù kí ó tó wọ inú kíláàsì.

Máàpù ọ̀sà náà kò pẹ́ ní tirẹ̀. Ogun ni ó kọ́kọ́ mú un wá, òwò tẹ̀lé ogun, àríyànjiyàn ilẹ̀ tẹ̀lé òwò, ẹ̀kọ́ ọmọdé ni ó sì wá gbẹ́yìn. Ìtàn bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ pa, nítorí ní àsìkò tiwa yìí, tí a ti lè rí gbogbo etí omi wa láti ojú ọ̀run lórí fóònù alágbèéká, a kò ní àwáwí kankan mọ́ láti fi olùkọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo àwọn tí ó ti ń lo máàpù.

Kí á tó dé orí bébà àti irinṣẹ́, ó tọ́ kí á júbà àwọn tí ó mọ omi náà kí bébà tó dé. Ìjẹ̀bú, Àwórì, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, olúkúlùkù wọn ní ibi tí ó ń dẹ àwọ̀n sí, olúkúlùkù sì mọ àsìkò. Ẹnu kan ṣoṣo ni omi ọ̀sà fi ń bọ́ sókun ní àgbègbè wa, ẹnu náà sì wà ní Èkó. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a máa ti ẹnu yìí wọlé, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìhà Ìkòròdú, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, tí odò Ògùn ti kó omi òkè Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta dé, tí odò Ọ̀ṣun sì ti kó tirẹ̀ láti Èkìtì gba Òṣogbo wá sínú ọ̀sà Lẹ́kì lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, omi tútù a lé iyọ̀ padà sókun. Omi tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń wẹ̀ ti kọjá ní ojúbọ Ọ̀ṣun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́ja mọ̀ pé agbódó fẹ́ràn omi oníyọ̀, pé epìyà àti àrọ̀ jẹ́ ẹja omi tútù, pé nígbà tí òṣùpá bá lé tàbí tí ó bá kún ni omi ń wọlé jù tí ó sì ń fà jù. Inú ọkọ̀ ni ó ti kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ tí ó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ń fi etí gbọ́, ó sì ń fi ojú rí. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó kìlómítà 208 níbùú lóròó, ti Lẹ́kì sì tó 247, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi nínú wọn kò jìn ju ohun tí àgbàlagbà lè fi ọ̀pá ìtukọ̀ kàn nísàlẹ̀ lọ. Omi tí ó fẹ̀ tí kò sì jìn báyìí, ẹni tí kò mọ ọ̀nà inú rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi gúnlẹ̀ sórí yanrìn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó láti yọ Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè, ọkọ̀ méjì tí ó ń lo èéfín, Bloodhound àti Teazer, ni ó fìdí kanlẹ̀ sórí yanrìn nínú omi, lójú ogun, níwájú ìbọn àwọn ará Èkó. Agbára ìbọn ńlá ni ó gbà wọ́n, kì í ṣe ìmọ̀ omi. Kòsọ́kọ́ tí ó mọ omi sá gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun àti Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun wọn, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú tí ó ti wà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni a ń pè wọ́n títí di òní, tí ọdún Káyọ̀káyọ̀ sì ń rán àwọn ọmọ létí bí àwọn bàbá wọn ṣe gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kí ó jọ̀wọ́ Èkó, kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú, kí ó sì máa fi Palma ṣe èbúté tirẹ̀. Ọdún 1862 ni ó tó padà sí Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní láti bá ọba tí ó ti lé kúrò nílé jókòó sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, kí ó wo máàpù: ẹni tí ó bá di Ẹ̀pẹ́ mú ní ọ̀nà tí ó já sí Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà tí ó já sí òkun ní ọwọ́ kan náà.

Láti ìgbà náà ni wíwọn omi ti di iṣẹ́ tí a kò fi ṣeré. John Hawley Glover, ẹni tí àwọn bàbá wa sọ di Gólóbà, ọmọ ogun ojú omi ni. Ó ti bá Baikie, olórí ìrìn àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí odò Ọya ní 1857, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ sórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà, ó sì fi ẹsẹ̀ rin láti ibẹ̀ wá sí Èkó. Yíya odò sórí bébà jẹ́ ara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó wá di olórí ìjọba Èkó, tí àwọn Ẹ̀gbá sì dó ti Ìkòròdú nítorí pé ọ̀nà òwò tí ó gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn, Gólóbà mọ bí a ṣe ń gbé ọmọ ogun kọjá lórí ọ̀sà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, àwọn sójà tí a kó láti erékùṣù West Indies pẹ̀lú àwọn Haúsá tí ó kó jọ gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú, wọ́n sì tú ìdótì náà ká. Àwọn ará Ìkòròdú kò gbàgbé oore yẹn. Ohun tí èmi ń fà yọ níbẹ̀ ni pé, ní ọdún 1865, máàpù ọ̀sà ti wúlò tó láti gba ìlú là, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ní Ìkòròdú tí ó tíì rí i.

Ilé-ìwé dé lẹ́yìn náà, ó sì gba ọ̀nà méjì wá. Àwọn ìjọ Kristẹni mú tiwọn wá, olùkọ́ wọn sì ń ti ibi tí a ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ jáde, èyí tí ó fìdí múlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 tí a sì sọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andéérù Mímọ́. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀sà, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ òbí kò jẹ́ fi ọmọ wọn sílé-ìwé ìjọ, kí ẹ̀sìn ọmọ má baà yí padà lọ́wọ́ wọn. Èyí ni ó mú kí ìjọba, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó mọ èdè Lárúbáwá, dá ilé-ìwé Mùsùlùmí ti ìjọba sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1896. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ti Ẹ̀pẹ́ ní 1898, kí ó tó kan Àgbádárìgì ní 1899. Ẹ̀pẹ́ ni igbá kejì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ èyí, kí wọ́n sì máa fi yangàn, nítorí ìlú púpọ̀ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀làjú lónìí kò ní irú rẹ̀ nígbà náà.

Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni ilé-ìwé wọ̀nyẹn fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé wá wọlé, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ jẹ́: ọmọ tí ó ń gbọ́ ìró omi láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ń ka orúkọ odò Thames àti odò Severn ní àkàsórí. Èmi kò dá àwọn olùkọ́ náà lẹ́bi. Bí a ti kọ́ wọn ni wọ́n ṣe kọ́ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ọmọdékùnrin tí ó ń ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ lọ. Àwọn bàbá wa ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìwé tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni kò wo ilé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó kọ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní 1925, ó sọ ọ́ gbangba pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé àti àyíká àwọn ènìyàn mu. Ọ̀rọ̀ dára lórí bébà. Ṣùgbọ́n máàpù tí olùkọ́ ìbá fi mú un ṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ta ni ó wà? Ó wà lọ́wọ́ sàfẹ́yọ̀. Ọdún 1908 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sàfẹ́yọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó wá di ti Ọ̀yọ́ nígbẹ̀yìn, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa wọn ilẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni Herbert Macaulay ti ti Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1893, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó fi kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tí ìjọba fi í ṣe sàfẹ́yọ̀ ilẹ̀ ọba, kí ó tó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọmọ olùkọ́ ni: Thomas Babington Macaulay, bàbá rẹ̀, ni ó dá ilé-ìwé gíga CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Láàárín bàbá àti ọmọ, nínú ilé kan ṣoṣo, ni kíkọ́ni níwèé àti wíwọn ilẹ̀ ti pàdé, tí wọ́n sì pínyà. Iṣẹ́ ọmọ yẹn mú un lọ sínú ìjà tí a fi máàpù jà: nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apápá, tí Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tíjání, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay bá a lọ, àwọn adájọ́ sì dá olóyè náà láre ní 1921. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá rí ènìyàn tí ó ń fi irinṣẹ́ wo etí omi ní Èkó yóò kọ́kọ́ bi í léèrè pé ta ni ó rán an, ilẹ̀ ta ni ó sì fẹ́ gbà. Ìbẹ̀rù náà ní gbòǹgbò nínú ìtàn, a ó sì tún bá a pàdé níwájú.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní oṣù Kínní ọdún 1955 lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ọmọ sì ya bo ilé-ìwé bí eéṣú. Ìkòròdú ti ní Oríwù Kọ́lẹ́ẹ̀jì láti 1949. Olùkọ́ kò tó. Bí a ṣe máa kún àlàfo ni ó gba gbogbo ọgbọ́n ìjọba, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọ̀sà kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni a ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù lórí ọ̀sà Èkó. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko láti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, J. E. Webb àti M. B. Hill, wọn omi náà, wọ́n gbé yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, ní 1958. Nínú ohun tí wọ́n rí ni ẹ̀dá kékeré kan wà, tí kò gùn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, tí ó dà bí ẹja ṣùgbọ́n tí kò ní eegun ẹ̀yìn, tí Webb sọ orúkọ rẹ̀ ní Branchiostoma nigeriense nítorí orílẹ̀-èdè wa. Inú yanrìn ni ẹ̀dá yìí ń gbé. Kò sì gba yanrìn kíyanrìn. Yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi tó, tí omi lè kọjá láàárín rẹ̀, ni ó ń yàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iyọ̀ bá ti wọlé, ẹ̀dá náà a pọ̀ nínú ọ̀sà. Nígbà tí omi odò bá dé, tí iyọ̀ sì dínkù, a kú tán níbẹ̀, títí irú rẹ̀ yóò tún fi ti òkun wọlé wá ní ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹ̀kọ́ wo ni ìbá dára fún ọmọ etí omi ju èyí lọ, pé ẹ̀dá kan wà lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tí ìgbé ayé àti ikú rẹ̀ ń tẹ̀lé òjò Ọ̀yọ́ àti ìgbì òkun? Ọmọ ẹlẹ́ja ìbá tilẹ̀ ti lóye rẹ̀ ká tó sọ ọ́ parí, nítorí ìtàn agbódó àti epìyà náà ni. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà wà, olùkọ́ Grade Two tí ó wà ní Àgbówà kì í rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kò dé ilé-ìwé, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé náà kò dé ibẹ̀, olùkọ́ sì jókòó sí àárín àwọn méjèèjì lọ́wọ́ òfo.

Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1967. Ní 1972 ni a dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ àjọ ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi àwòrán tí a yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ṣe máàpù; AFRIGIST ni a ń pè é báyìí. Ọdún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà fi Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán ilẹ̀, ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Ní 1975 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun, NIOMR, sílẹ̀ ní Èkó. Ìmọ̀ ti wà nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń jẹ ẹ́. Ní ti iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ó kan àwọn ìlú wa yìí: èkíní ni èyí tí a sọ ní orúkọ Adéníran Ògúnsànyà, ọmọ bíbí Ìkòròdú, tí ó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjàníkin, èkejì ni èyí tí a dá sílẹ̀ ní Nofọríjà, ní Ẹ̀pẹ́, ní 1994, láti máa kọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì sọ ní orúkọ Michael Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó ṣe gómìnà. Ní 2022, ìjọba so àwọn méjèèjì pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ tún pàdé nínú ilé kan.

Láàárín àkókò yìí, ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ní 1984, ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò kan tí a ń pè ní water hyacinth gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi bo ojú omi, tí ó dí ọ̀nà ọkọ̀, tí ó sì bo àwọ̀n mọ́lẹ̀. Ojúoró àti òṣíbàtà tí a fi ń súre láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, tí a ń sọ pé àwọn ni yóò lékè omi, rí àlejò tí ó fẹ́ gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́. Omi oníyọ̀ ni ó ń pa á. Nítorí náà, bí iyọ̀ bá ti ń gòkè ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń kú ní ìhà Èkó, tí ó sì ń yè ní ìhà Ẹ̀pẹ́ níbi tí omi ti tútù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí a ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Ní Májìdun àti Báyẹkù, àwọn awayanrìn ń kó ìsàlẹ̀ ọ̀sà tà fún àwọn akọ́lé, igi ẹ̀gbà tí ẹja ń yé ẹyin sí lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di igi ìdáná. Ní ẹkùn Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì tí ó kángun sí Ẹ̀pẹ́, èbúté ńlá tí a ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023 ti ki ògiri òkúta bọ inú òkun. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ògiri méjì tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó ní 1908 ṣe, bí ó ṣe dá yanrìn tí ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn dúró, tí òkun sì jẹ etíkun Bar Beach ní Èkó láti ìgbà náà wá, yóò fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé kan máa ṣọ́ etíkun náà láti ọdún dé ọdún.

Ohun tí ó mú kí ṣíṣọ́ náà ṣeé ṣe ni àwọn nǹkan mẹ́rin tí ó dé tẹ̀léra wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú bíba àmì GPS, èyí tí ń sọ ibi tí a wà, jẹ́ fún àwọn tí kì í ṣe ológun, ohun tí ń ṣìnà tó mítà 100 tẹ́lẹ̀ sì wá ń sún mọ́ ibi tí a dúró sí gan-an. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 2008, Amẹ́ríkà sọ gbogbo àwòrán Landsat di ọ̀fẹ́. Láti 2014 àti 2015, àwọn ará Yúróòpù fi sátẹ́láìtì Sentinel tiwọn ránṣẹ́, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Àwòrán Landsat ti Èkó ti ọdún 1984, ọdún tí ewéko àlejò nì dé, wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá bèèrè. Bí sátẹ́láìtì ṣe ń mọ ewé yàtọ̀ sí omi kò le láti kọ́ ọmọdé: ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ó kọjá pupa, tí ojú ẹ̀dá kò lè rí, ewé tútù a máa ta ìmọ́lẹ̀ yìí padà púpọ̀, omi a sì máa gbé e mì, ibi tí ewéko bá ti bo ọ̀sà, a máa tàn yanran nínú àwòrán, omi tí ó mọ́ a sì máa dúdú. Ní oṣù òjò, ìkùukùu a máa bo etíkun wa tí sátẹ́láìtì lásán kì í rí nǹkan; àwọn tí ó ń lo rádà ni ó ń la ìkùukùu já, àwọn náà ni a ó fi rí ìkún omi bí irú ti Ajégúnlẹ̀ bá tún wáyé.

Ṣùgbọ́n àwòrán kò mọ̀ pé òun jẹ́ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, níbí ni mo sì ti ní ìbínú díẹ̀ láti sọ. Àṣà kan ti wọ̀ wá lára, kí á pe olùkọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí á fi ẹ̀rọ hàn wọ́n lókèèrè, kí á fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí àti oúnjẹ ọ̀sán, kí á sì dá wọn padà sí kíláàsì tí kò ní iná. Láti 2020 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi tábílẹ́ẹ̀tì lé àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò tí ó pè ní EKOEXCEL; ojú àti ọwọ́ wọn ti mọ ẹ̀rọ, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí ó kù ni kí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà rí omi tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé. Kò béèrè owó púpọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù, tí a ń pè ní QGIS, jẹ́ ọ̀fẹ́, a sì lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti gba àwòrán sílẹ̀. Ilé-ìwé tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá lè gba àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà, ti 1984 àti ti òní, kí àwọn ọmọ gbé bébà fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà etí omi àti igbó ẹ̀gbà ti ìgbà náà, kí wọ́n sì fi wé ti ìsinsìnyí. Kí wọ́n bu omi sínú ìgò ní Èbúté Ìkòròdú ní oṣù Kejì àti ní oṣù Keje, kí wọ́n gbé méjèèjì gbẹ lórí iná, kí wọ́n rí iyọ̀ tí ó ṣẹ́ kù sídìí ìkòkò. Olùkọ́ tí a bá ti kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan báyìí, létí omi, pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀, kò ní gbàgbé.

Ó sì yẹ kí á kọ́ ọ ní ohun kan tí kò sí nínú ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ti gbówó lórí ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí èbúté àti ilé ìfọpo Dangote ti dé sí tòsí. Bí olùkọ́ bá kó ọmọ ogún lọ sí etí odò pẹ̀lú fóònù tí ó ń ka ìwọ̀n, àwọn onílẹ̀ yóò rò pé sàfẹ́yọ̀ ni, wọ́n sì ní ìdí láti rò bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti olórí àwọn ẹlẹ́ja, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ṣàlàyé, kí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun kọ́ àwọn ọmọ náà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó gun orí igi; sátẹ́láìtì ti gun ibi tí ó ga ju igi lọ, síbẹ̀ kò lè sọ fún wa ìdí tí ẹja fi kúrò ní ibì kan, tàbí ohun tí ó wà níbẹ̀ kí yanrìn tó tán. Gbogbo ibi tí a ti ń dẹ àwọ̀n láàárín Ìjẹ̀dẹ́ àti Ẹ̀pẹ́ ni ó ní orúkọ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́ja, ibú ibí, etí erékùṣù ọ̀hún, ibi tí igi wó sí nínú omi ní ayé bàbá ẹnì kan. Díẹ̀ péré nínú orúkọ wọ̀nyí ni ó wọ máàpù ìjọba. Máàpù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2004, OpenStreetMap, tí ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ ibùgbé rẹ̀ sí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà tàbí ọ̀gágun. Ọjà ẹja Olúwo wà ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí Nofọríjà níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, tí wọ́n bi àwọn ìyá tí ó ń ta ọ̀bọ̀kún àti èdé léèrè pé níbo ni ọkọ wọn ti pa á, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ tẹ̀lé ẹlẹ́ja kan lọ síbẹ̀ láti gba orúkọ ibẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò ti ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi kọ́ni ní Ìkòròdú, ní Àgbówà àti ní Èjìnrìn nígbà tí a bá rán wọn jáde.